Ẹ̀fọ́ inú kẹ́ẹ̀gì àti ìgbẹ́ ehoro: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án ní Òkè-Àdó

Ilé tí à ń gbé ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ọkọ́ kọ. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, kọ́ńkéré ni wọ́n dà sí i, nítorí pé ọ̀gbàrá máa ń gba àárín àwọn ilé sọ̀kalẹ̀ lásìkò òjò, bí kò bá sì sí kọ́ńkéré, ẹrẹ̀ ni a ó máa tẹ̀ wọlé. Ohun tí a ní ni ehoro mẹ́fà tí àbúrò ìyàwó mi kó wá nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ó ní òun yóò padà wá kó wọn, kò sì tíì kó wọn títí di òní. Ehoro mẹ́fà yìí ń yàgbẹ́ tó kún kóńgò kan lójúmọ́, a sì ń sanwó fún ẹni tó ń bá wa kó o dànù. Ọjọ́ tí mo ka owó tí à ń san kí wọ́n lè gbé ìgbẹ́ lọ mọ́ owó tí à ń ná sórí ẹ̀fọ́ ní Dùgbẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀.

Màá pẹ́ lórí àwọn àṣìṣe mi ju àwọn ibi tí ó dára lọ. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé ìgbẹ́ ehoro kò gbóná, ìyẹn ni pé kì í jó ewéko, pé a lè bù ú láti abẹ́ àgò kí a sì dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé, ibi tí kò pé sí yẹn ló sì pa kẹ́ẹ̀gì ẹ̀fọ́ méje fún mi.

Oṣù Ẹrẹ̀nà: ohun èlò

Kí n tó ra ohunkóhun, oòrùn ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí òjìji ògiri dé lórí kọ́ńkéré ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì ń tún un fà ní wákàtí méjì méjì títí di ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó hàn pé apá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ń rí oòrùn fún wákàtí méje, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri aládùúgbò wa kò rí ju mẹ́ta lọ. Tòmátò àti ata kì í so dáadáa níbi tí oòrùn kò bá ti tó wákàtí mẹ́fà, gbúre àti efinrin sì lè fara da òjìji díẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ló pín ààyè fún wọn, kì í ṣe èmi.

Mo ra kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́ẹ̀gì òfìfo, mo gba rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ilé kan ládùúgbò, àpò ìrẹsì mẹ́fà sì ti wà nílé. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá fún mi ń rùn bí oògùn apakòkòrò, mo sì dá wọn padà láì bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nítorí pé ohun tí a ó jẹ ni a fẹ́ gbìn sínú wọn. Àwọn tó kù ni mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ títí òróró fi tán lára wọn. Mo dá kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tí mo yán lórí iná gé ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè kúrò, ó sì dà bí ọpọ́n tí ẹran fi ń mumi. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ tó bíi ínǹṣì mẹ́sàn-án, èyí tó tó fún gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Tòmátò àti ata ni mo yan rọ́bà ọ̀dà fún, ewédú àti ilá sì ni àpò.

Ọ̀rọ̀ ihò ni mo kọ́kọ́ ṣì ṣe. Irin gbígbóná ni mo fi lu ihò mẹ́fà sí ìdí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé wọn kalẹ̀ gbọọrọ lórí kọ́ńkéré. Nígbà tí mo bu omi sí ọ̀kan láti dán an wò, omi náà dúró sínú rẹ̀ bí ẹni pé n kò lu ihò kankan, nítorí pé kọ́ńkéré tó tẹ́jú ti dí gbogbo wọn pa. Mo wá lu ihò mẹ́rin mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè láti ìdí, mo sì gbé gbogbo wọn lé orí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Àkísà nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo tẹ́ sórí ihò kí ilẹ̀dú má baà máa ṣàn jáde. Ní kẹ́ẹ̀gì méjì, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí àwọn tó ń gbin òdòdó ń ṣe. Kò dára. Omi kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ tó kúnná bọ́ sínú òkúta tó ní àlàfo ńlá àfi bí ilẹ̀ náà bá ti rin gbindin, nítorí náà ńṣe ni òkúta yẹn gbé ẹrẹ̀ súnmọ́ gbòǹgbò, tó sì tún gba ààyè ilẹ̀. Nínú oṣù Òkúdu, nígbà tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì yìí nìkan ni ṣọkọ inú wọn rà nídìí.

Ilẹ̀dú ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, nítorí pé ilẹ̀ pupa tí à ń gbẹ́ nítòsí wa máa ń le bí bíríkì tí a bá kó o sínú rọ́bà, tí oòrùn sì pa á. Mo fi iyanrìn díẹ̀ kún un kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì sí ibi tó fẹ́ kó wà kí ó tó kún un, nítorí pé èyí tó kún fún ilẹ̀ tútù máa ń wúwo ju ọgbọ̀n kílò lọ, ẹ̀yìn mi sì ti sọ ìyókù fún mi.

Fún ìgbẹ́, a ti dá ẹni tó ń kó o dúró láti oṣù Èrèlé, èyí tó sì kó jọ pọ̀. Àgò méjì la ní. Ehoro mẹ́rin wà nínú èyí tó tóbi, tí mo fi àwo páànù ńlá kan sábẹ́ rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà kan ilẹ̀. Méjì tó kù wà nínú àgò kékeré tí kò ní àwo, ìgbẹ́ wọn ń já bọ́ sórí kọ́ńkéré, ìyàwó mi sì ń gbá a sínú àpò ní àràárọ̀. Inú àwo ni mo ti bu èyí tí mo fi po kẹ́ẹ̀gì méje, ìgbẹ́ kòròbá kan sí ilẹ̀dú kòròbá méjì. Nígbà tí ti inú àwo tán, mo fi ti inú àpò ìyàwó mi po mẹ́ta tó kù. N kò ro ohunkóhun sí ìyàtọ̀ yẹn nígbà náà.

Oṣù Igbe: bí wọ́n ṣe kú

Ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe ni mo fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, mo sì fọ́n ṣọkọ sí mẹ́rin. Irúgbìn méjèèjì kéré púpọ̀, nítorí náà mo po wọ́n mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n má baà ṣù síbì kan. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n ti ń yọ orí, inú gbogbo ilé sì dùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni etí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ìwé tí iná rà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, kẹ́ẹ̀gì méje ti ṣófo, mẹ́ta sì ń tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan irúgbìn, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà nínú àwọn tó kú, àwọn méjèèjì sì wà nínú àwọn tó yè. Mo fẹ̀sùn kan oòrùn, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ìyàwó mi ló tẹ imú bọ inú ọ̀kan nínú àwọn tó kú, tó sì sún sẹ́yìn pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, “Ẹ wá gbóòórùn èyí, kí ẹ sì gbóòórùn ti inú àpò mi.” Ti inú àpò ń rùn bíi koríko gbígbẹ lásán. Ti inú kẹ́ẹ̀gì ń ta sí imú bí ilé ìtọ̀ gbogboogbò, òórùn amóníà.

N kò fẹ́ gba imú nìkan gbọ́, nítorí náà mo ṣe ìdánwò kan. Mo mú abọ́ rọ́bà mẹ́rin, mo gbin ẹ̀wà mẹ́wàá mẹ́wàá sí wọn, nítorí pé ẹ̀wà tètè ń hù, ojú sì tètè ń rí ohun tó bá ṣe é. Àkọ́kọ́ jẹ́ ilẹ̀dú lásán. Èkejì ní ìgbẹ́ gbígbẹ láti inú àpò. Ẹ̀kẹta ní ìgbẹ́ inú àwo. Ẹ̀kẹrin ní ìgbẹ́ inú àwo tí mo fi omi ṣàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú asẹ́ kí n tó pò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́sàn-án ló hù nínú àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án nínú èkejì, méjì péré nínú ẹ̀kẹta, ewé àwọn méjì náà sì ti jó, méje ló sì hù nínú ẹ̀kẹrin. Abọ́ mẹ́rin kò tó láti fi dá ẹjọ́ ńlá, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹjọ́ tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi lẹ́yìn náà. Ìgbẹ́ ehoro jẹ́ kóro líle tó kún fún okùn koríko, náítírójìn inú rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí ewéko fi ń kọ́ ewé, sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí kóro náà ṣe ń tú nínú ilẹ̀. Ehoro tilẹ̀ máa ń yà oríṣi ìgbẹ́ méjì: èyí tó rọ̀, tó máa ń jẹ padà tààrà láti ìdí ara rẹ̀, àti kóro yìí tí à ń rí nílẹ̀, nítorí náà oúnjẹ tó wà nínú kóro ti la inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò gbóná. Adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé adìẹ kò ní ojú ìtọ̀ lọ́tọ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń gba ihò kan náà jáde ni, ìyẹn ló ń mú kí ìgbẹ́ adìẹ tútù máa jó ewéko. Ehoro ń tọ̀ lọ́tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì lágbára gan-an. Àwo tí mo fi sábẹ́ àgò ti gbá méjèèjì pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ti sọ ìgbẹ́ ehoro di ìgbẹ́ adìẹ.

Nínú oko, òjò ì bá ti ṣàn án lọ sí ìsàlẹ̀, gbòǹgbò ì bá sì rí ibi sá sí. Kẹ́ẹ̀gì kò ní ibi ìsásí. Ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ títí omi yóò fi gbé e gba ojú ihò jáde, nítorí náà omi náà ni mo fi tún un ṣe: kòròbá omi méjì sí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí omi tó ń jáde, tó dúdú bí àgbo tẹ́lẹ̀, fi mọ́ díẹ̀. Mo wá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láì gbin nǹkan kan sí wọn.

Àtúnṣe àgò

Kí omi náà tó tán nílẹ̀ ni bàbá onílé dé. Òjò ti rọ̀ sí inú àwo páànù lóru, òórùn sì ti dé pálọ̀ wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ní, “Tísà, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ gbìn ni àbí ẹ fẹ́ lé wa kúrò nílé?” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Àgò náà jẹ́ ti igi, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nẹ́ẹ̀tì irin tí ihò rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ínǹṣì sí ínǹṣì kan, èyí tí kóro ìgbẹ́ lè gbà jábọ́ láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ehoro há. Mo fi igi kékeré gbé ẹsẹ̀ àgò sókè, mo sì ta páànù kan sábẹ́ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ìtọ̀ lè máa ṣàn lọ sínú páìpù onírọ́bà tí mo là sí méjì, kí páìpù sì gbé e lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Lórí páànù yẹn ni mo ta nẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ihò rẹ̀ kéré sí, tí ìtọ̀ lè kọjá lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kóro kò lè kọjá.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ kò tó. Mo fi ínǹṣì méjì péré ṣe ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yìn àti iwájú, kóro sì ń jókòó sórí nẹ́ẹ̀tì, ìtọ̀ tuntun ń bọ́ lé wọn lórí, a tún padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Mo gbé ẹ̀yìn sókè títí ó fi tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ní ìwọ̀n ìgbà tí àgò náà jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kóro sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri wá sí iwájú, wọ́n ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mo ń fi ìgbálẹ̀ gbá ìwọ̀nba tó bá há.

Páànù náà kò pẹ́. Láàrin oṣù méjì, ìtọ̀ ti jẹ ẹ́ débi tí mo fi ń rí ilẹ̀ láti inú rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, mo yọ ọ́, mo sì fi àjẹkù síílìnì onírọ́bà tí wọ́n fi ṣe òrùlé inú ilé ẹnì kan rọ́pò rẹ̀. Ìtọ̀ kì í jẹ rọ́bà, ojú rẹ̀ sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ fi ń ṣàn lórí rẹ̀ ju ti páànù lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ó má wulẹ̀ ra páànù rárá. Bàbá onílé kò tún wá nítorí òórùn mọ́. Nígbà tí wọ́n wá lẹ́yìn náà, ọmọ ehoro ni wọ́n wá béèrè.

Láti Èbìbí dé Agẹmọ: ìgbìn kejì

Ọjọ́ kejìlá oṣù Èbìbí ni mo tún gbìn. Mo dín ìgbẹ́ kù sí ìdá kan nínú márùn-ún, èyí tí a ti sá gbẹ ní oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí ojú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí n fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Tí a kò bá bò ó, èbu funfun máa ń hù lára rẹ̀ lásìkò òjò, eṣinṣin sì ń pọ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Òkúdu ni a gé tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́. A kò fà á tu. A gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́fà sókè láti ilẹ̀, ó sì tún rúwé. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni a gé ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Pé ìgbẹ́ kò jó ewé kò sọ pé kò ní kòkòrò àìsàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de àwọn àgbẹ̀ tí kò ń lo kẹ́míkà sọ pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti po ìgbẹ́ tútù mọ́ ilẹ̀ títí di ìkórè kò gbọdọ̀ dín ní 120 ọjọ́ fún ohun ọ̀gbìn tí ibi tí a ń jẹ lára rẹ̀ ń kan ilẹ̀, àti 90 ọjọ́ fún àwọn yòókù. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí a tó gé e, nítorí náà òfin yẹn kò ṣeé tẹ̀ lé nínú kẹ́ẹ̀gì bí a bá ń lo ìgbẹ́ tútù. A kì í jẹ tẹ̀tẹ̀ ní tútù nílé wa, a ń bọ̀ ọ́ ni kí a tó rò ó, iná sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, n kì í fọ́n ìgbẹ́ sórí ewé, a sì ń fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀fọ́. Láti oṣù Agẹmọ, mo ti ń kó ìgbẹ́ àti èèpo ẹ̀fọ́ jọ sínú ìlù onírọ́bà kan kí ó jẹrà fún oṣù mẹ́ta, èyí tó bá ti jẹrà náà ni màá sì máa lò fún ohun tí a ń jẹ ní tútù.

Ewédú ní ìṣòro tirẹ̀, tí kò kan ìgbẹ́. Irúgbìn rẹ̀ ní èèpo líle tí omi kò lè tètè wọ̀. Mo fọ́n ti àkọ́kọ́ sí àpò mẹ́ta, ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù. Ìyá kan tó ń ta irúgbìn ní ọjà Bódìjà ló rẹ́rìn-ín mi, tí wọ́n sì ní kí n dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n rì í bọ inú omi tó ń hó, kí n ka ẹní títí dé àrún, kí n sì yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sínú omi tútù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì hù bí ẹni pé wọ́n ti í jáde. Àpò mẹ́ta yẹn ń fún wa ní ewédú abùlà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ẹni márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ èyí tó pa owó mọ́ fún wa jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ewédú ni.

Tòmátò

Tòmátò ló dùn mí jù. Igi mẹ́fà nínú rọ́bà ọ̀dà, wọ́n ga, wọ́n nípọn, ewé wọn dúdú mìnìjọ̀, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn wọ́n, títí di àárín oṣù Òkúdu, n kò sì rí ju èso mẹ́rin lọ. Ẹ̀fọ́ ewé ni ìgbẹ́ ehoro ń ṣojúṣàájú fún. Nínú èyí tó gbẹ, náítírójìn máa ń tó nǹkan bíi ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì 1.4, pọtáṣíọ́ọ̀mù sì máa ń wà ní nǹkan bíi 0.6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ tí ehoro ń jẹ ń yí i padà. Náítírójìn ń kọ́ ewé. Èso ń fẹ́ pọtáṣíọ́ọ̀mù, èyí tó kéré jù níbẹ̀. Mo dá ìgbẹ́ dúró fún wọn, mo sì fi eérú igi ìdáná, ìkún ṣíbí ìjẹun méjì, sí rọ́bà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òdòdó pọ̀ sí i ní oṣù Agẹmọ. N kò ní fi gbogbo ìyìn fún eérú, nítorí pé òjò náà dín kù ní àkókò yẹn.

Nígbà tí wọ́n wá so, ìdí èso wọn ń dúdú, ó ń wọnú. Mo rò pé àìsàn ni, ṣùgbọ́n omi ni. Nínú ìsinmi òjò oṣù Ògún, mo rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ọmọ bomi rin wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n gbàgbé lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ń wá tí ó sì ń lọ báyìí, kálísíọ́ọ̀mù kì í dé ìdí èso, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń kú. Láti ìgbà náà, lítà omi kan ní àárọ̀, lítà kan ní ìrọ̀lẹ́ fún rọ́bà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó so lẹ́yìn rẹ̀ sì mọ́ nídìí.

Ìtọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì

Nígbà tí a ti yà á sọ́tọ̀, ìtọ̀ di ìṣúra tí a kò mọ ibi tí a ó lò ó sí. Mo fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Agolo kan sí omi agolo márùn-ún jó ewé ilá méjì ní ọjọ́ kejì. Agolo kan sí mẹ́wàá kò jó wọn, ṣùgbọ́n ewé wọn tẹ̀ díẹ̀. Agolo kan sí ogún ni mo dúró lé, mo ń dà á sí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti bu omi lásán sí i, n kì í dà á sórí ewé tí a ó jẹ, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sì tó. Ọmọrí kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ dé dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, náítírójìn tí à ń fẹ́ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, bàbá onílé yóò sì tún padà wá.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó ń lé kòkòrò. Kò lé ìgbín kan fún mi. Ìgbín wẹ́wẹ́ tí kò tóbi tó èyí tí a lè jẹ wá láti abẹ́ ògiri aládùúgbò ní gbogbo alẹ́ oṣù Owewe, ọwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì la fi ń ṣà wọ́n, àwọn ọmọ sì ń ka iye wọn bí ẹni ń ka owó.

Oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ọ̀wàrà, igi tòmátò méjì rọ ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú omi nídìí wọn. Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀: aràn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú gbòǹgbò, ló ṣe é. Ó ti ní láti wá pẹ̀lú ilẹ̀dú tí mo rà, nítorí pé kọ́ńkéré kò bí aràn. Ṣọkọ inú kẹ́ẹ̀gì tó sún mọ́ wọn kò ní kókó, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Èyí nìkan ni mo lè sọ pé kẹ́ẹ̀gì fi dára ju oko lọ. Mo da ilẹ̀ rọ́bà ọ̀dà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí ọ̀rá, mo bu omi wọ́n ọn, mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, mo sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oòrùn lè sè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òjò tó kẹ́yìn rọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Bélú. Ọyẹ́ ń bọ̀, yúnyun àti igbálódè tí àwọn ehoro fẹ́ràn jù ti ń gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí náà mo ti gbin ọ̀dùnkún sí àpò mẹ́ta nítorí ewé rẹ̀ fún wọn. Abo kan bí mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá onílé ti mú méjì nínú wọn sílẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá já ọmú. Kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ ti kún, ìlù ìjẹrà ti dé ìlàjì, ilẹ̀ tòmátò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ ọ̀rá. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán àná, n kò lè fi í síbẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe ń ka ẹní títí dé àrún lọ.